Òkú Ìkẹyìn

Mẹ́ta péré ni baba mi gbìn.
Ó fi ẹní gbígbó wé gbòǹgbò wọn bí ẹni wé ọmọ tuntun,
ó gbé wọn gun òkè wá sí Hinokuchi.
Ó ní èéhù rẹ̀ yóò jẹ́ ọbẹ̀ wa,
igi rẹ̀ yóò jẹ́ agbọ̀n, yóò jẹ́ ọgbà, yóò jẹ́ ọ̀pá ìpẹja.
Kò purọ́. A jẹ ẹ́. A hun ún. A fi pẹja.

Ọwọ́ pọ̀ nígbà náà.
Ní oṣù kẹrin, ọkọ́ la fi ń wá èéhù nínú ilẹ̀ kó tó yọrí,
nítorí èyí tó bá yọrí lónìí,
lọ́la, á ti ga ju ọmọdé,
lọ́túnla, á máa wo òrùlé.
Nígbà tí fèrè ilé iṣẹ́ Osaka pe àwọn ọ̀dọ́,
tí èmi náà jẹ́ ẹ,
ta ló kù tí yóò wa èéhù?
Ìyá mi, àti ẹ̀yìn tó ti tẹ̀.

Wọ́n ní òkèèrè la ti ń wo igi ganganran.
Osaka ni mo wà fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.
Òkèèrè náà ni.
N kò wò ó.

Ọparun,
ta ló sọ ẹ́ lórúkọ tó bá ẹ mu báyìí?
O kò gbé àáké, o kò dáná sungbó,
o kàn dúró níwájú oòrùn ni.
O ń na ẹsẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ bí àlejò lórí ẹní onílé,
díẹ̀díẹ̀,
títí onílé fi sùn síta.
Ò ń kún, igi ń kú.
Ìró imú kan péré ló wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Chizuru wá láti yunifásítì pẹ̀lú okùn ìwọ̀n àti ẹfun.
Ó ń ka òkú. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.
Mo di etí okùn mú, ó ń pè é, mò ń kọ ọ́:
konara, ó kú lóòró.
Ṣẹ́rì òkè, ó kú lóòró, orí rẹ̀ ti já.
Konara, ó ti wó, olú ti hù lára rẹ̀.
Kuri tí ìyá mi máa ń ṣa èso rẹ̀,
ewé mẹ́ta ló rú lórí rẹ̀ lọ́dún yìí.
Chizuru dákẹ́ díẹ̀.
“Ẹ má tíì kọ ìyẹn.”

Mo ní, òkú yìí mà pọ̀ o.
Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àkókó ń jẹun yó,
ìdin ń sanra,
igbó tó ń kú a máa kọ́kọ́ dà bí ilé ìnáwó.
Ó wá ká okùn rẹ̀.
“Ṣùgbọ́n ẹ wo ilẹ̀.”
Mo wolẹ̀. Ewé ọparun gbígbẹ, ó nípọn bí tìmùtìmù.
N kò rí ọmọ konara kan, bó ti wù kó kéré mọ.
“Àwọn yìí ni òkú ìkẹyìn.
Tí wọ́n bá rà tán,
kò ní sí igi àgbà tí yóò kú mọ́.”

N kò mọ̀ pé igbó lè wá òkú tì.

Lókè wa, àkókó kan kan ọparun gbígbẹ lẹ́ẹ̀kan, gbọ̀ọ̀,
ó gbọ́ bí inú rẹ̀ ti ṣófo,
ó fò lọ.

Ilé mẹ́tàdínlógún ló wà ní Hinokuchi.
Àgàdágodo wà lára mẹ́tàlá.
N kò sọ ìyẹn fún Chizuru, òun náà kò sì bèèrè.

Lálẹ́, ìyá mi gbé ọbẹ̀ èéhù síwájú wa.
Ó dùn. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.
Mo jẹ méjì, mo dìde lọ pọ́n ọkọ́,
nítorí ní yàrá tí baba mi kú sí,
lábẹ́ ẹní tó ti ń sùn,
nǹkan kan tó mú lórí
ti ń gbé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ sókè.